Ṣé P₂O₅ tí wọ́n kọ sára àpò ajílẹ̀ ni ó ń jó àgbàdo wa?

Ìbéèrè láti ọ̀dọ̀ ìyá kan tó ń dáko ní Ọ̀dẹ̀dá:

"Ọmọ mi tó wà ní SS2 ka ìwé kẹ́míísírì rẹ̀ sí mi létí. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé P₂O₅ jẹ́ ìyẹ̀fun funfun tó máa ń fa omi kíkankíkan, pé bí omi bá kàn án, ó máa ń hó yàà, ó sì lè bó ènìyàn lára. Mo lọ wo àpò ajílẹ̀ 15-15-15 tí mo ń lò, mo sì rí i pé wọ́n kọ P₂O₅ sí i lára. Ọwọ́ lásán ni mo fi ń da ajílẹ̀ yìí láti ìgbà tí mo ti ń dáko. Ní ọdún tó kọjá, àgbàdo mi rọ, etí ewé rẹ̀ sì jó lẹ́yìn tí mo da ajílẹ̀ sí i nídìí. Ṣé kì í ṣe P₂O₅ yìí ni ó fa omi ilẹ̀ mu, tó sì jó àgbàdo mi? Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, kí ló dé tí wọ́n fi ń tà á fún wa? Mo fẹ́ da èyí tó kù sí ẹ̀gẹ́, ṣùgbọ́n ẹ̀rù ń bà mí."

* * *

Kò sí P₂O₅ nínú àpò yẹn, mà. Òótọ́ ni ohun tí ọmọ yín kà, òótọ́ sì ni iye tí wọ́n kọ sára àpò, ṣùgbọ́n ohun tí ọ̀kan ń sọ yàtọ̀ sí ohun tí èkejì ń sọ. Ìwé kẹ́míísírì ń sọ nípa ohun kan tí a lè rọ sínú ìgò. Àpò ajílẹ̀ ń sọ nípa ìṣirò: bí a bá kó gbogbo fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì inú àpò náà jọ, tí a sì kà á bí ẹni pé ọ́sáìdì ni gbogbo rẹ̀ (ìyẹn P₂O₅, fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì tó so mọ́ ọ́síjìn), ìwọ̀n rẹ̀ yóò jẹ́ ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún ìwọ̀n àpò náà. Ohun tó wà níbẹ̀ gan-an ni iyọ̀ fọ́sífétì, pàápàá èyí tó so mọ́ amóníọ̀mù tàbí kálísíọ̀mù, tó máa ń yọ́ nínú omi láìhó. Ó rí bí ìgbà tí oníṣòwò bá ń fi dọ́là ṣírò iye ọjà tó fi náírà rà. Ẹ lè tú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ láti òkè délẹ̀, ẹ kò ní bá dọ́là kan níbẹ̀.

Àṣà ìṣirò yìí ti pẹ́. Nígbà tí àwọn onímọ̀ kẹ́míísírì ní Yúróòpù ń yẹ eérú ewéko àti òkúta wò láyé àtijọ́, ọ́sáìdì ni wọ́n fi ń kọ iye ohun tí wọ́n bá rí sílẹ̀. Òfin ajílẹ̀ gba àṣà náà wọlé ní orílẹ̀-èdè púpọ̀, kò sì tíì jáde. Nọ́ńbà kẹta lára àpò náà ní irú ìtàn yìí, nítorí K₂O (ọ́sáìdì pòtásíọ̀mù) ni wọ́n fi ń ṣírò rẹ̀, bẹ́ẹ̀ kò sí K₂O nínú àpò. Pòtásíọ̀mù kílóráìdì ni ó sábà máa ń wà níbẹ̀. Nọ́ńbà àkọ́kọ́ nìkan, ìyẹn náítírójìn, ni wọ́n kà ní orúkọ ara rẹ̀. Ní Ọsirélíà, wọ́n ti fi ọ́sáìdì sílẹ̀, fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì gan-an ni wọ́n ń kọ.

* * *

Ẹnìkan kọ lábẹ́ ìdáhùn mi pé, bí ọ̀rọ̀ bá rí báyìí, a jẹ́ pé P₂O₅ kò sí láyé rárá. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Ó wà, mo sì ń bẹ̀rù rẹ̀ nígbàkígbà tí mo bá fẹ́ ṣí ìgò rẹ̀.

Bí a bá jó fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì níbi tí ọ́síjìn ti pọ̀ tó, átọ́ọ̀mù fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì mẹ́rin a dì mọ́ ọ́síjìn mẹ́wàá, ohun tí a ó rí ni P₄O₁₀. Àwọn òǹkọ̀wé a dá iye náà sí méjì, wọn a pè é ní P₂O₅, ṣùgbọ́n nǹkan kan náà ni. Bí ọ́síjìn kò bá tó, P₄O₆ ni yóò jáde. Èyí máa ń yọ́ ní nǹkan bí ìwọ̀n 24 lórí sẹ́síọ̀ọ̀sì, nítorí náà ohun olómi ni yóò jẹ́ ní ọ̀pọ̀ ọ̀sán nílùú wa. Ó ní májèlé, ó sì ń rùn bí aáyù. Fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì funfun tí a ti ń rí wọn, inú omi ni wọ́n máa ń tọ́jú rẹ̀ sí, nítorí pé ó lè gbiná fúnra rẹ̀ nínú afẹ́fẹ́ bí ooru bá ti kọjá nǹkan bí ìwọ̀n 30, ọ̀sán ẹ̀ẹ̀rùn ní Abẹ́òkúta sì máa ń kọjá bẹ́ẹ̀ dáadáa. Ìlú Hamburg ní Jámánì ni Hennig Brand ti kọ́kọ́ yọ ọ́ jáde láti inú ìtọ̀ ní ọdún 1669.

Ní ilé-ẹ̀kọ́ tí mo ti ń kọ́ni, fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì pupa díẹ̀, tí kò ju orí ìṣáná lọ, ni a máa ń jó nínú ìgò ọ́síjìn, níta, ní ibi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́. Èéfín funfun kan tó ki gan-an yóò kún inú ìgò náà, yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í balẹ̀ sára rẹ̀ ní ìyẹ̀fun. Bí a bá ta omi díẹ̀ sí i, ẹ ó gbọ́ tó dún ṣìì, èéfín náà a wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ìwé lítímọ́ọ̀sì aláwọ̀ búlúù tí a bá tì bọ omi náà a sì di pupa lójú ẹsẹ̀, nítorí pé ó ti di ásíìdì fọ́sífọ́ríìkì. Èyí tí a bá rà nínú ìgò tún le ju bẹ́ẹ̀ lọ. Bí ẹ bá ṣí i ní oṣù Keje, tí afẹ́fẹ́ tutù nítorí òjò, kí ẹ tó wọn èyí tí ẹ fẹ́ lò tán, ojú ìyẹ̀fun náà ti ń dán, ó ti ń lẹ̀ mọ́ ṣíbí. Awọ tó ń lẹ̀ yìí ni ó ń fa wàhálà fún àwọn tó ń fi í gbẹ nǹkan nínú yàrá àyẹ̀wò, torí pé ó máa ń bo ìyẹ̀fun tó wà nísàlẹ̀ tí kò fi ní rí afẹ́fẹ́ mọ́; wọ́n ní láti máa rò ó tàbí kí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀. Ó lè gba omi kúrò lára ásíìdì náítíríìkì títí yóò fi di N₂O₅, ó sì lè ṣe irú rẹ̀ fún ásíìdì sọ́fíríìkì títí yóò fi di SO₃.

Irú nǹkan bẹ́ẹ̀ kò lè wà nínú àpò kí ọkọ̀ fi gbé e nínú òjò, kí a tún tò ó jọ sí ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù, kó sì dé ọ̀dọ̀ yín ní hóró hóró. Ọkàn yín lè balẹ̀ nípa ọwọ́ yín. Ẹ ṣáà máa fọ̀ ọ́ bí ẹ bá ti oko dé, kí ẹ sì wọ ìbọ̀wọ́ bí ọgbẹ́ bá wà níbẹ̀, nítorí pé iyọ̀ ni iyọ̀ ń jẹ́.

* * *

Kí ló wá jó àgbàdo yín?

Ohun tí ẹ rí yẹn, omi ni wọ́n fà kúrò lára rẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n iyọ̀ ni ó fà á. Èyí tó ní náítírójìn àti èyí tó ní pòtásíọ̀mù nínú ajílẹ̀ náà máa ń yára yọ́ bí òjò díẹ̀ bá kàn wọ́n. Bí wọ́n bá yọ́ sí ojú kan ṣoṣo nídìí àgbàdo, omi inú ilẹ̀ níbẹ̀ a di omi iyọ̀ líle, gbòǹgbò kò sì ní rí omi fà mọ́. Dípò bẹ́ẹ̀, omi inú gbòǹgbò ni yóò máa jáde bọ́ sínú ilẹ̀. Bí yúríà bá wà níbẹ̀, ó tún máa ń tú amóníà jáde, amóníà náà sì ń jó gbòǹgbò tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ. Nínú gbogbo ohun tó wà nínú àpò yẹn, fọ́sífétì ni ẹ̀bi rẹ̀ kéré jù.

Ẹ gbẹ́ ihò kékeré ní ìwọ̀n ìka mẹ́rin sí ẹ̀gbẹ́ igi àgbàdo, ẹ da ajílẹ̀ sí i, kí ẹ sì fi ilẹ̀ bò ó. Ẹ má ṣe dà á lé ewé, ẹ má sì ṣe dà á nígbà tí ilẹ̀ gbẹ táútáú tí kò sí àmì òjò.

* * *

Ọ̀gbẹ́ni kan tó ń dáko lẹ́bàá Alábàtà ta kò mí. Ó ní níwọ̀n ìgbà tí P₂O₅ bá ti jẹ́ ìṣirò lásán, kò sí ìdí tó fi yẹ kí àgbẹ̀ máa da ara rẹ̀ láàmú lórí rẹ̀, pé fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì ni fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì ń jẹ́. Ibí yìí gan-an ni owó ti ń ṣòfò, ẹ jẹ́ kí n fi ìṣirò hàn.

Ìwọ̀n átọ́ọ̀mù fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì jẹ́ 31, ti ọ́síjìn jẹ́ 16. Fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì méjì jẹ́ 62, ọ́síjìn márùn-ún jẹ́ 80, àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 142. Nítorí náà, nínú gbogbo P₂O₅ tí wọ́n bá kọ, nǹkan bí ìdá 44 nínú ọgọ́rùn-ún ni fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì gan-an. Àpò 15-15-15 tó jẹ́ kílò 50 ní P₂O₅ kílò 7.5 lórí ìwé, ṣùgbọ́n fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì inú rẹ̀ kò ju kílò 3.3 lọ. Ajílẹ̀ fọ́sífétì tí wọ́n ń pè ní SSP (single superphosphate), tó jẹ́ ìdá 18, ní kílò 9 lórí ìwé, èyí tó jẹ́ kílò 3.9 ní fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì. TSP (triple superphosphate), tó jẹ́ ìdá 46, ní kílò 23 lórí ìwé, ìyẹn nǹkan bíi kílò 10.

Ẹ wá wò ó pé àgbẹ̀ kan rí ìwé ìwádìí tó ní kí a lo fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì kílò 30 lórí hẹ́kítà kan. Ó wo àpò SSP, ó rí i pé kílò 9 ni ó wà nínú ọ̀kan, ó fi 9 pín 30, ó sì ra àpò mẹ́rin pẹ̀lú èrò pé òun tilẹ̀ ti fi díẹ̀ lé e. Iye tó yẹ kó rà súnmọ́ àpò mẹ́jọ, nítorí pé fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì kílò 30 jẹ́ P₂O₅ kílò 69. Ìdajì ohun tí oko rẹ̀ nílò ni ó fún un. Nígbà tí àgbàdo kò bá ṣe dáadáa, yóò ní ayédèrú ni ajílẹ̀ tí wọ́n tà fún òun. Ẹlòmíràn lè ṣe òdìkejì rẹ̀: ìwé ní kó lo P₂O₅ kílò 60, òun kà á sí fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì, ó sì ra àpò mẹ́ẹ̀ẹ́dógún níbi tí méje ì bá ti tó. Bí ìwé bá kọ P, ìyẹn fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì gan-an, ẹ fi 2.29 (142 tí a fi 62 pín) sọ ọ́ di púpọ̀ kí ẹ tó lọ sọ́jà. Bí ó bá kọ P₂O₅, ẹ lè fi iye ara àpò ṣírò tààrà.

Àwọn kan ní àwọn iléeṣẹ́ ajílẹ̀ ń lo P₂O₅ kí nọ́ńbà wọn lè dà bí ẹni pé ó pọ̀. N kò rí i bẹ́ẹ̀, nítorí pé gbogbo wọn ni òfin mú láti kọ ọ́ lọ́nà kan náà, ẹni tó bá sì fẹ́ fi àpò kan wé òmíràn lè ṣe é láìsí ìdíwọ́. Ohun tí mo fẹ́ ni pé kí wọ́n tẹ méjèèjì sára àpò, P₂O₅ àti fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì, ní ìlà méjì. Ìnáwó rẹ̀ kò tó nǹkan, yóò sì gba ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ lọ́wọ́ àṣìṣe yìí.

* * *

Bàbá kan tó ti dáko pẹ́ ní apá Òsíẹ̀lẹ̀ sọ pé ilẹ̀ pupa ń jẹ ajílẹ̀, àwọn ọ̀dọ́ kan sì ń fi bàbá ṣe ẹlẹ́yà. Bàbá ló jàre. Ilẹ̀ wa tó pupa kún fún ọ́sáìdì irin àti ti alumíníọ̀mù, àwọn méjèèjì yìí sì máa ń di fọ́sífétì mú ṣinṣin tí gbòǹgbò kò fi ní lè fà á. Bí ilẹ̀ bá ti kan jù ni ìdìmú yìí ń le sí i. Nítorí náà, ẹni tó bá fọ́n ajílẹ̀ fọ́sífétì káàkiri orí ilẹ̀ pupa, ilẹ̀ ni ó fún jẹ. Ojú ìlà ni kí ẹ máa dà á sí, nítòsí ibi tí gbòǹgbò yóò gbà, kí ẹ sì dà á nígbà tí ẹ bá ń gbìn tàbí láìpẹ́ sí i, nítorí pé fọ́sífétì kì í rìn jìnnà nínú ilẹ̀ bí náítírójìn ṣe máa ń rìn. Àgbàdo tí kò rí fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì tó máa ń ní àwọ̀ àlùkò lára ewé ìsàlẹ̀ nígbà tó ṣì kéré. Ẹni tó bá dúró dìgbà tí àgbàdo fẹ́ yọmọ kó tó da fọ́sífétì sí i ti pẹ́ jù.

Ìgbẹ́ adìẹ tó ti jẹrà dáadáa wúlò níbi tí ọ̀rọ̀ bá dé yìí. Ó ní fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì tirẹ̀, ohun jíjẹrà inú rẹ̀ sì ń bá irin àti alumíníọ̀mù du fọ́sífétì. Ní ti eérú igi tí àwọn kan dábàá nítorí fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì, mo fara mọ́ ọn fún ìdí tó yàtọ̀ sí èyí tí wọ́n sọ: fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì inú rẹ̀ kò tó nǹkan, pòtásíọ̀mù àti kálísíọ̀mù ni ó pọ̀ níbẹ̀, ṣùgbọ́n ó máa ń dín kíkan ilẹ̀ kù, èyí sì ń jẹ́ kí ilẹ̀ tú díẹ̀ sílẹ̀ lára fọ́sífétì tó ti dì mú.

* * *

Ìbéèrè kan wọlé lórí òkúta fọ́sífétì tó wà ní ìpínlẹ̀ Ògùn wa níbí: ṣé a kò lè wà á, kí a lọ̀ ọ́, kí a sì dà á sí oko tààrà?

Ó wà lóòótọ́, nínú ìpele ilẹ̀ tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Oshosun ní apá Ìfọ̀, àwọn olùwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ sì ti dán an wò pọ̀ pẹ̀lú ti Sókótó. Ẹ kò ní rí i ní Abẹ́òkúta níbí o, nítorí pé orí àpáta líle bíi ti Olúmọ ni ìlú wa jókòó lé. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé fọ́sífétì inú òkúta kì í yọ́ nínú omi. Nínú ilẹ̀ tó kan, ó máa ń tú sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ó sì lè ṣe igi ọlọ́dún gbọọrọ bíi kòkó àti ọ̀pẹ láǹfààní, ṣùgbọ́n àgbàdo tó máa gbó láàárín oṣù mẹ́ta tàbí mẹ́rin kò lè dúró dè é. Bí ẹ bá pò ó mọ́ ìgbẹ́ adìẹ kí ẹ tó lò ó, yóò yá díẹ̀.

Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń fi ásíìdì ṣe é. John Bennet Lawes gba ìwé àṣẹ lé iṣẹ́ yìí lórí ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 1842: ó da ásíìdì sọ́fíríìkì lu egungun lílọ̀ àti òkúta fọ́sífétì, ohun tó jáde sì ni fọ́sífétì kálísíọ̀mù tó ń yọ́ nínú omi, pẹ̀lú kálísíọ̀mù sọ́fétì. SSP tí à ń rà lónìí kò yàtọ̀ sí i. Bí wọ́n bá da ásíìdì náà pọ̀ sí i, ásíìdì fọ́sífọ́ríìkì ni yóò jáde, òun ni wọ́n sì fi ń ṣe TSP àti DAP (ajílẹ̀ fọ́sífétì amóníọ̀mù).

Nítorí pé egungun àti òkúta yìí bára tan, mo fẹ́ dá ẹni tó ń sin adìẹ lóhùn kan. Ó ní òun ti fi òkúta ẹfun lílọ̀ rọ́pò egungun sísun tí òun ń rà ní odò ẹran Làfẹ́nwá, nítorí pé kálísíọ̀mù kan náà ni. Kálísíọ̀mù wà nínú ẹfun lóòótọ́, fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì ni kò sí níbẹ̀. Adìẹ nílò méjèèjì kí egungun rẹ̀ tó lè le, ọ̀pọ̀ nínú fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì inú àgbàdo àti sóyà sì wà lára ohun kan tí wọ́n ń pè ní fáítétì, tí ikùn adìẹ kò lè tú dáadáa. Bí ẹsẹ̀ àwọn adìẹ náà bá ti ń wọ́, ibẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Ẹ dá egungun padà sínú oúnjẹ wọn, tàbí kí ẹ ra DCP, ìyẹn fọ́sífétì kálísíọ̀mù tí wọ́n ń pò mọ́ oúnjẹ ẹran.

* * *

Ohun kan tún wà tó yẹ kí àwọn olóko kòkó mọ̀. Mo sọ lókè pé ọ́sáìdì fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì jẹ́ oríṣi méjì. P₄O₁₀ ń bá omi di H₃PO₄, P₄O₆ sì ń bá omi tútù di H₃PO₃. Iyọ̀ ti àkọ́kọ́ ni fọ́sífétì, iyọ̀ ti èkejì ni fọ́sífáìtì. Ọ́síjìn kan péré ni ó wà láàárín wọn, bẹ́ẹ̀ ewéko kò lè fi fọ́sífáìtì ṣe oúnjẹ. Ó máa ń wọ inú ewéko lóòótọ́, ó sì ń ṣiṣẹ́ gidi lòdì sí Phytophthora, ohun tó ń sọ èso kòkó di dúdú ní àsìkò òjò. Oògùn ni. Ṣùgbọ́n wọ́n máa ń ta pòtásíọ̀mù fọ́sífáìtì olómi bí ajílẹ̀ tí à ń fín sí ewé, tí wọ́n sì ń kọ P₂O₅ ńlá sí i lára, nítorí pé ìṣirò náà kò bèèrè irú fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì tó jẹ́. Bí ó bá jẹ́ ajílẹ̀ ni ẹ ń wá, ẹ kà á bóyá fọ́sífétì ni wọ́n kọ tàbí fọ́sífáìtì.

* * *

Ẹnìkan béèrè bóyá "oògùn ẹ̀wà oníhóró" náà jẹ́ ọ̀kan lára àwọn P₂O₅ yìí. Mo dúpẹ́ pé ó béèrè, nítorí pé nínú gbogbo ohun tí a ti sọ láti àárọ̀, èyí nìkan ni ó lè pa odindi ìdílé mọ́jú.

Alumíníọ̀mù fọ́sífáìdì ni hóró náà. Kò sí ọ́síjìn lára fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì rẹ̀ rárá. Bí ìrì inú afẹ́fẹ́ tàbí ọ̀rinrin ara ẹ̀wà bá kàn án, yóò tú gáàsì kan tí wọ́n ń pè ní fọ́sífíìnì jáde, gáàsì yìí ni ó sì ń pa kòkòrò. Hóró kan tó wọn gíráàmù 3 máa ń tú nǹkan bíi gíráàmù kan gáàsì jáde. Fọ́sífíìnì máa ń dí ara lọ́wọ́ láti lo ọ́síjìn, ọkàn àti ẹ̀dọ̀fóró ni ó sì máa ń kọ́kọ́ bà jẹ́. Kò sí oògùn tó ń pa májèlé yìí. Àwọn kan ní àwọn mọ̀ ọ́n nípa òórùn rẹ̀ tó dà bíi ti aáyù tàbí ẹja rírà, ṣùgbọ́n ìdọ̀tí inú gáàsì náà ni ó ń fún un ní òórùn yẹn. Bí ẹ kò bá gbóòórùn, ẹ má ṣe rò pé gáàsì ti tán.

Mo mọ ìyá oníṣòwò kan tó máa ń ju hóró yìí sínú àpò ẹ̀wà, tó sì ń to àpò náà sí yàrá ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù níbi tó ti ń rẹjú lọ́sàn-án. Ó ń ráhùn orí fífọ́ àti èébì ní gbogbo ìgbà, ó sì ti lo oògùn ibà títí. Àtìgbà tí a ti kó ẹ̀wà náà jáde ni ara rẹ̀ ti balẹ̀.

Ẹ̀wà inú ilé kò nílò hóró yìí. Àwọn tí wọ́n kọ́ nípa rẹ̀ ni ó wà fún, ní ilé ìkẹ́rù tí wọ́n dí pa, tí kò sí ènìyàn tàbí ẹran tó ń sùn nítòsí rẹ̀, tí wọ́n yóò sì ṣí sílẹ̀ fún atẹ́gùn kí ẹnikẹ́ni tó wọ ibẹ̀. Ẹ má ṣe da omi sí hóró tó ṣẹ́kù kí ẹ lè "pa á", nítorí pé gáàsì yóò tú jáde lẹ́ẹ̀kan náà, ó sì lè gbiná. Ẹni tó bá gbé e mì tàbí tó fa gáàsì rẹ̀ símú, ẹ gbé e jáde sí afẹ́fẹ́, kí ẹ sì gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀. Ẹ má ṣe fi epo pupa tàbí mílíìkì fi àkókò ṣòfò. Ìyípadà tí mo dámọ̀ràn ni àpò PICS, ìyẹn àpò onípele mẹ́ta. Ẹ̀wà gbígbẹ ni kí ẹ dà sí i, kí ẹ fún afẹ́fẹ́ jáde, kí ẹ sì so ẹnu ìpele kọ̀ọ̀kan le. Àwọn kòkòrò fúnra wọn ni yóò lo ọ́síjìn tó wà níbẹ̀ tán, wọn yóò sì kú láìsí májèlé kankan.

Ẹni tó wá dábàá pé kí a fín DDVP, oògùn apakòkòrò olómi, sí ẹ̀wà dípò hóró kò ran wa lọ́wọ́. DDVP náà jẹ́ ọmọ ìyá fọ́sífétì, iṣan ara ni ó ń bà jẹ́, kì í sì í ṣe fún oúnjẹ. Ní ọdún 2019 ni NAFDAC fòfin de èyí tó wà nínú ìgò kékeré oní-mílílítà 100.

* * *

Ẹnìkan tún béèrè bóyá ásíìdì yìí wà nínú Coca-Cola. Ní kúkúrú: ásíìdì fọ́sífọ́ríìkì wà nínú rẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó kéré gan-an, kó lè máa ta ni lẹ́nu ni wọ́n ṣe fi í sí i. Eyín ni ẹni tó ń mu ún lójoojúmọ́ yẹ kó bẹ̀rù fún. Ásíìdì kan náà tó le ni àwọn tó ń tún ara ọkọ̀ ṣe ń fi nu irin tó ti dípẹtà, nítorí pé ó ń sọ ìpẹtà di fọ́sífétì irin tó lẹ̀ mọ́ ara irin, tí ọ̀dà sì lè dì mọ́. Ásíìdì bátìrì kò lè ṣe iṣẹ́ yẹn, ẹ jọ̀wọ́. Irin gan-an ni yóò máa jẹ.

* * *

Ní ti ẹ̀gẹ́ yín, mà: ẹ lè lo ajílẹ̀ náà, kò ní jó o bí ẹ bá dà á bí mo ṣe sọ. Ṣùgbọ́n èmi kò ní ra 15-15-15 tuntun nítorí ẹ̀gẹ́. Irú olú tíntín kan tí ojú kò lè rí máa ń gbé lára gbòǹgbò ẹ̀gẹ́, ó sì ń bá a wá fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì lọ sí ibi tí gbòǹgbò kò dé, nítorí náà ẹ̀gẹ́ sábà máa ń rí fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì níbi tí àgbàdo kò ti rí i. Pòtásíọ̀mù ni ẹ̀gẹ́ ń kó lọ jù nígbà tí a bá wà á, nítorí náà ajílẹ̀ tí nọ́ńbà kẹta rẹ̀ pọ̀ ju ti àárín lọ ni ó dára jù fún un.

Kí ẹ tó náwó mìíràn, ẹ gbẹ́ ilẹ̀ díẹ̀ díẹ̀ láti ọ̀pọ̀ ibi nínú oko náà, ní ìjìnlẹ̀ tí ó tó nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 20, ẹ pò ó pọ̀, ẹ sá a níbi tí oòrùn kò ti ní jó o, kí ẹ sì gbé e lọ fún àyẹ̀wò. Bí èsì bá jáde, ẹ bi wọ́n bóyá P ni wọ́n kọ tàbí P₂O₅. P ni ọ̀pọ̀ ibi àyẹ̀wò máa ń kọ, ní mílígíráàmù lórí kílò ilẹ̀ kan, nítorí náà ẹ kò gbọ́dọ̀ fi nọ́ńbà náà wé ti ara àpò tààrà. Ẹ fi èsì náà ránṣẹ́ síbí, a ó jọ ṣírò àpò tí ẹ nílò.